Àyà Tó Ro Tó Sì Rọlẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wọn Ewu Ìkọlù Ọkàn Tó Lè Tún Wáyé

 

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1955, Dwight Eisenhower, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ń gbá gọ́ọ̀fù nílùú Denver. Ó jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran lílọ̀ àti àlùbọ́sà sí láàárín. Nígbà tó yá, inú rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́, ó sì di ẹ̀bi ru àlùbọ́sà. Lóru, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó gidi. Dókítà rẹ̀, Howard Snyder, sáré dé, ó gún un lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò ECG tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù. Ìgbà yẹn ló hàn pé ìkọlù ọkàn ni. Ohun tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún àwọn oníròyìn ni pé oúnjẹ ni kò dà nínú rẹ̀.

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? “Ọgbẹ́ inú mi ló tún dìde.” “Afẹ́fẹ́ ló há sí mi láyà.” A ó ra oògùn ọgbẹ́ inú ní kẹ́míìsì, a ó gbé e mì, àyà á rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo wá jẹ́ lónìí ni pé kò tíì parí. Ewu ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí ìrora bá lọ, ewu náà ṣeé wọ̀n, ìwọ̀n náà kì í sì í ṣe àfọ̀ṣẹ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé díẹ̀díẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn ń dí títí yóò fi dí pátápátá. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, àwọn tí àyà ń fún mọ́ bí wọ́n bá ń gun òkè, tó sì ń fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n bá jókòó. Ṣùgbọ́n bí ìgbà tí oówo bá tú ni ìkọlù ọkàn fúnra rẹ̀ sábà máa ń rí. Ọ̀rá tó ti kó jọ sínú ògiri iṣan á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dì lé ojú ọgbẹ́ náà, ọ̀nà á dí, apá ọkàn tí iṣan yẹn ń bọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn bá yọ́ díẹ̀, ìrora lè lọ. Ojú oówo kò tíì jiná síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọjọ́ àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fi léwu jù lọ, oówo mìíràn tí kò tíì tú sì lè wà níbòmíràn.

Báwo ni dókítà ṣe ń wọn ewu ọ̀hún? Ní 2008, àwọn oníṣègùn kan ní Netherlands gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí wọ́n ń pè ní HEART. Nǹkan márùn-ún ló ń wò: bí aláìsàn ṣe ròyìn ìrora rẹ̀, ECG, ọjọ́ orí, àwọn àìsàn àti ìwà tó ń fa àrùn ọkàn, àti troponin, ìyẹn èròjà tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹran ọkàn bá farapa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0, 1 tàbí 2. Wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn 2,440 ní ilé ìwòsàn mẹ́wàá, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2013. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí máàkì wọn kò ju 3 lọ, nǹkan bí méjì ló ní ìkọlù ọkàn, tí wọ́n tún iṣan ọkàn rẹ̀ ṣe, tàbí tó kú, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láti 4 dé 6, wọ́n tó mẹ́tàdínlógún. Láti 7 sókè, wọ́n tó àádọ́ta.

Ẹ jẹ́ ká fi awakọ̀ kan tó jẹ́ ẹni ọdún 58 ṣe àpẹẹrẹ. Àyà ro ó ní ìdájí fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó sì lọ. Ìròyìn rẹ̀ mú ìfura díẹ̀ dání: 1. ECG rẹ̀ kò mọ́ tán, kò sì burú: 1. Ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín 45 sí 64: 1. Troponin rẹ̀ kò ga: 0. Ó wá ku àwọn ohun tó ń fa àrùn ọkàn. “Bàbá, ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru?” “Rárá o.” Lójú tirẹ̀, kò purọ́, torí kò wọ̀n ọ́n rí. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga nígbà tó dé, ṣùgbọ́n wọ́n lè sọ pé ìpayà ló gbé e sókè. “Ṣé ẹ ń mu sìgá?” Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. “Sìgá kẹ̀? Ká má rí i.” Ó gba òdo níbẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ di 3, wọ́n lè ní kó máa lọ sílé. Ká ní ó sọ ti sìgá nìkan ni, ì bá di 4, ì bá sì bọ́ sáàárín àwọn tí mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún wọn ń kó sí wàhálà.

Ibi tí mo ti ń bá òṣùwọ̀n yìí jà nìyẹn. Nílẹ̀ tí oníkálukú ti ní dókítà tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ní “n kò ní” kàn lè jẹ́ ẹni tí kò yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ tún jẹ́ kí n gbèjà àwọn dókítà díẹ̀: bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì ní àwọn á tún gbà á lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kì í ṣe owó ni wọ́n ń wá. Troponin kì í ga lọ́gán.

Nọ́ńbà tí òṣùwọ̀n yìí ń fúnni, ti ogunlọ́gọ̀ ni. Dókítà tó sọ fún yín pé mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún kò mọ̀ bóyá ẹ wà lára wọn. Nígbà tí Paul Dudley White, àgbà oníṣègùn ọkàn tó tọ́jú Eisenhower, bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ ní oṣù kejì ọdún 1956, ohun tó sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí Ààrẹ máa bá iṣẹ́ lọ fún ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Ó yan ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Oṣù kọkànlá ọdún 1965 ni ìkọlù mìíràn tó wá, Eisenhower sì wà láyé títí di 1969.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé nọ́ńbà náà ṣeé fà wálẹ̀. Ní 1988, ìwádìí ISIS-2 tó kó àwọn 17,187 jọ fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún tí wọ́n fún ní asipirín fún oṣù kan, láti ìgbà tí wọ́n ti fura sí ìkọlù ọkàn, ikú dín ní nǹkan bí mẹ́rìnlélógún. (Àwọn olùwádìí náà fi ìràwọ̀ ìbí pín àwọn aláìsàn, ó sì dà bíi pé asipirín kò ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ Gemini àti Libra! Wọ́n ṣe é láti fi hàn pé ẹni tó bá gé ìṣirò sí wẹ́wẹ́ yóò rí ohunkóhun tó bá wù ú.) Ní 1994, ìwádìí 4S ní Scandinavia lo simvastatin, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, fún àwọn tí ọkàn wọn ti yọ wọ́n lẹ́nu rí. Láàárín ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀, méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ló kú lára àwọn tí kò rí oògùn gidi gbà. Lára àwọn tó lò ó, mẹ́jọ. Àwọn mẹ́rin tó yè náà kò mọ ara wọn, kò sì sẹ́ni tó lè nàka sí wọn. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn wa fi ń pa oògùn yìí tì lóṣù kẹta: “Mo ti gbádùn, kí ni mo tún ń fowó ṣòfò fún?” Oògùn orí fífọ́ ń jẹ́ kí o mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́. Èyí kì í sọ̀rọ̀. Ní ti sìgá, ẹni tó bá jáwọ́ lẹ́yìn ìkọlù ọkàn dín ewu ikú rẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kò sì ná kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tí dókítà kò fún ní asipirín má ṣe sọ ọ́ di ojoojúmọ́. Ó ń mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀.

Kí n tó jókòó, mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò ní dìde bi mí nínú gbọ̀ngàn yìí: ìgbà wo ni ọkọ àti aya tó lè padà máa sùn pọ̀? Bí ìkọlù náà kò bá mú wàhálà mìíràn dání, tí aláìsàn lè yára rìn, tó sì lè gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìsí ìrora tàbí mímí gúlegúle, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti tó, bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Viagra ni ká ṣọ́ra fún. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn abẹ́ ahọ́n tó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó mọ́ ọn. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, kó sì pa á. Àgbo ale tí wọ́n ń tà ní garéèjì náà kò yọ sílẹ̀, torí a kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń mu ún, ẹ gbé ìgò rẹ̀ dání lọ bá dókítà.