Baba Ńlá Tí Ó Jẹ́ Faransé

Ẹni tí ó bá dúró díẹ̀ ní Kétu, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, tàbí tí ó bá wọ inú ọjà Máìlì Tuẹ́lìfù níbi tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ti ń já tòmátì, ata àti iṣu sílẹ̀, yóò gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀ka èdè Yorùbá láàárín wákàtí kan. Yóò gbọ́ ti Ìjẹ̀bú, yóò gbọ́ ti Ẹ̀gbá, yóò sì gbọ́ ti àwọn tí ó ti ìhà ìwọ̀-oòrùn wá: ará Ìtakété, ará Pọ̀bẹ́, ará Àjàṣẹ́ àti ará Kétu ìlú Alákétu. Nínú ilé àwọn kan lára irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ tàbí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà, pé òyìnbó Faransé kan wà nínú àwọn baba ńlá ìdílé wọn. Wọ́n lè fi àwọ̀ ara ọmọ kan ṣe ẹ̀rí, tàbí kí wọ́n fi irun orí ìyá àgbà kan tí ó ti kú ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà a máa dùn létí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí ó lọ sí ilé ìwé bá béèrè pé, “Baba, kí ni orúkọ òyìnbó náà? Iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe? Obìnrin wo ni ó bí ọmọ fún un?” gbogbo ilé a pa lọ́lọ́.

Ohun tí ètò yìí ń gbé yẹ̀wò, ẹ̀yin òǹwòran, ni ọ̀nà tí a lè gbà rí ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àti irú ìdáhùn tí olùwádìí lè rí tí kò sì retí rẹ̀ rárá.

Ìjọra orúkọ ni ó kọ́kọ́ máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Nítorí pé Kétu wà ní Kòṣọ́fẹ́, tí Kétu sì wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹlòmíràn a sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́. Orúkọ jọ orúkọ kò tó láti fi dájọ́. Bí ó ti rí fún orúkọ ìlú ni ó rí fún orúkọ ìdílé, kò sì sí àpẹẹrẹ tí ó fi èyí hàn tó ti ìdílé kan ní Wídà.

Wídà wà ní etíkun orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tí à ń pè ní Dàhòmì títí di ọdún 1975. Ìdílé tí à ń wí yìí ń jẹ́ d'Oliveira. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí ní Èkó, níbi tí àwọn da Silva, da Rocha àti Pereira ti jẹ́ ojúlùmọ̀ ní Pópó Àgùdà, yóò sọ lẹ́sẹ̀ kan náà pé Àgùdà ni wọ́n, pé láti Bùràsíìlì ni baba wọn ti padà wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Faransé ni ẹni tí ìdílé náà ti ṣẹ̀. Nicolas ni orúkọ rẹ̀. Baba rẹ̀ ni Joseph Ollivier de Montaguère, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé odi àwọn Faransé ní Wídà láti nǹkan bí ọdún 1775 títí di nǹkan bí ọdún 1786.

Báwo ni Ollivier ṣe wá di d'Oliveira? Ní ọdún 1794, nígbà ìyípadà ńlá ti ilẹ̀ wọn, ìjọba Faransé fi òfin de òwò ẹrú fún ìgbà díẹ̀. Ogun sì ń lọ lórí òkun. Ní ọdún 1797 àwọn Faransé kó kúrò ní ilé odi náà. Láìpẹ́ lẹ́yìn èyí, àwọn tí ń sọ èdè Potogí láti Bùràsíìlì ni ó wá di olókìkí ní Wídà, pàápàá Francisco Félix de Souza tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Chacha. Èdè Potogí di èdè ọrọ̀ àti èdè iyì ní etíkun. Ọmọ Ollivier àti àwọn ọmọ rẹ̀ bá àwọn tí ó wà lórí oyè da pọ̀, orúkọ wọn sì tẹ̀ lé wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè méjèèjì yóò rí i pé orúkọ náà kò tilẹ̀ lọ jìnnà: igi ólífì ni Ollivier ń tọ́ka sí ní èdè Faransé, igi ólífì náà sì ni Oliveira ní èdè Potogí. Aṣọ ni ó pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó ti ìwé ìrántí àwọn ará Bùràsíìlì nìkan, ogún ọdún ni yóò fi wá baba yìí, kò sì ní rí i.

Èyí tí ó ṣòro jù ni ti ìyá. Sophie ni orúkọ tí ìtàn fi pe ìyá Nicolas. Òun pàápàá ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó lára. Nígbà tí Ollivier padà sí ilẹ̀ rẹ̀, kò mú un lọ. Ààfin ọba ní Àbọ̀mẹ́ ni wọ́n mú obìnrin náà lọ, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn aya ọba. Kì í ṣe òun nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Nínú ilé odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí kò jìnnà sí ti Faransé, ọ̀gá kan wà tí ń jẹ́ Lionel Abson. Ó dé ibẹ̀ ṣáájú ọdún 1770, ó gbọ́ èdè ìlú dáadáa, ó bí ọmọ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní ọdún 1803. Kò pẹ́ tí ó kú tí wọ́n fi wá mú ọmọbìnrin rẹ̀, Sally, lọ sí ààfin. Bí òyìnbó bá ti lọ, tàbí tí ó bá ti kú, ọba ni ó ni aya àti ọmọ tí ó fi sílẹ̀. Ìwé àwọn òyìnbó kún fún iye ọ̀pá aṣọ àti iye àgbá ọtí. Ìlà tí ó kan àwọn obìnrin wọ̀nyí kò ju díẹ̀ lọ.

A kò gbọdọ̀ fi ohun kan pa mọ́ níhìn-ín. Kí ni iṣẹ́ Ollivier ní Wídà? Ẹrú ni ó ń rà. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ilé odi náà ní ọdún 1704, nítorí rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń rán ọ̀gá kan tẹ̀ lé òmíràn wá. Nínú ìwé wọn, “Ayaux” ni wọ́n ń pe àwọn Ọ̀yọ́, “Nagô” sì ni orúkọ tí wọ́n fún púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tí ó bá ń fi ayọ̀ wá irú baba ńlá bẹ́ẹ̀ kiri, ó yẹ kí ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó bá àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ pàdé nínú ìwé kan náà, kí ó jẹ́ pé iye owó ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ọ̀ràn mìíràn so mọ́ èyí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ òyìnbó ni ó ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó. Ẹrú a máa jẹ́ orúkọ olúwa rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn Àgùdà tí ó padà sí Èkó, sí Àjàṣẹ́ àti sí Wídà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ ẹni tí ó rà wọ́n tàbí ti ẹni tí ó ṣe ìyá ìsàmì tàbí baba ìsàmì fún wọn ni wọ́n ń jẹ́. Ní Wídà pàápàá, àdúgbò Ahouandjigo tí ó yí ilé odi Faransé ká, àwọn ìránṣẹ́ àti ẹrú ilé odi náà ni ó kún ibẹ̀. Àgbà tí ó sọ pé, “Ilé Faransé ni baba wa ti jáde,” kò purọ́. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé náà ni baba rẹ̀ ń ṣọ́. Kò sí ìtìjú nínú èyí. Ẹni tí ó fi agbára mú ènìyàn ṣe ẹrú ni ìtìjú wà fún. Síbẹ̀, ìdílé kan lè fara ya bí olùwádìí bá gbé irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ wálé, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ń du ilẹ̀ tàbí oyè.

Bí ó bá jẹ́ òyìnbó ayé ìjọba amúnisìn ni à ń wá, ọ̀nà yàtọ̀. Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ láàárín ara wọn, tí Kétu Alákétu, èyí tí ogun Dàhòmì ti fọ́ ní ọdún 1886, bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ọ̀gágun Dodds wọ Àbọ̀mẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1892. Ọba Béhanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1894. Òyìnbó tí ó wá sí Dàhòmì lẹ́yìn èyí kò pọ̀: ajẹ́lẹ̀, ọmọ ogun, oníṣòwò, páàdì. Ìwọ̀nba ni ẹni tí ó wá tẹ̀dó láti dá oko ńlá bí wọ́n ti ṣe ní Àlùjíríà. Ọdún díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò kí wọ́n tó padà, àwọn kan sì ń fi ọmọ sílẹ̀ láìfi orúkọ wọn sílẹ̀ fún un.

Ìjọba Faransé mọ̀ pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án ọdún 1930, wọ́n ṣe òfin kan fún gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ wọn: ọmọ tí òfin kò mọ ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó hàn pé Faransé ni òbí náà, lè lọ sí kóòtù láti gba ẹ̀tọ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé. Adájọ́ a wo orúkọ tí ó ń jẹ́, ẹ̀kọ́ tí ó kọ́, àti bí a ṣe tọ́ ọ dàgbà. Òfin yìí wúlò fún olùwádìí lónìí ju bí ó ti wúlò fún ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìgbà náà lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ìyá kò lè sọ ní gbangba, wọ́n lè ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹjọ́. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1914 ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Aix-en-Provence ní ilẹ̀ Faransé, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1966, níbi tí ìwé iṣẹ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ àti lẹ́tà àwọn ọ̀gá ilé odi àtijọ́ wà. Àwọn ìwé ìbí àti ìwé ikú kan tí ó wà níbẹ̀ ti ṣeé wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti inú yàrá ẹni ní Ìkòsí. Ṣùgbọ́n kí olùwádìí má ṣe wá “Ouidah” nìkan. “Juda” ni àwọn Faransé àtijọ́ ń kọ, “Ajudá” ni ti Potogí, “Whydah” ni ti Gẹ̀ẹ́sì. “Grégoy” tí ó wà nínú orúkọ ilé odi náà, Saint-Louis de Grégoy, ni ẹnu òyìnbó sì fi pe Gléhúè, orúkọ tí àwọn onílùú ń pe ìlú wọn. Ìwé ìrìbọmi náà ṣe pàtàkì. Láti ọdún 1861, tí páàdì Borghero àti ẹnì kejì rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Wídà, ni àwọn páàdì tí ó ti ìlú Lyon wá ti ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ ní etíkun yìí, àti ní Èkó lẹ́yìn náà.

Báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe wá dé Kòṣọ́fẹ́? Ọ̀nà àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó bá wá. Owó orí tí Faransé gbé kalẹ̀ ní Dàhòmì ní ọdún 1899, ọmọ ogun tí wọ́n ń fi tipátipá mú nígbà ogun ọdún 1914 sí 1918, àti iṣẹ́ àfipáṣe tí wọn kò fi òfin parẹ́ títí di ọdún 1946, ni ó lé ọ̀pọ̀ ará Kétu, Ọ̀họ̀rí àti Ìtakété sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú kọ nípa wọn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1976. Ẹ wo ìyá kan tí ó gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀n láàárín àwọn tí ń sá fún Faransé. Ṣé yóò máa kéde pé ọmọ ajẹ́lẹ̀ ni? Yóò fún un ní orúkọ baba tirẹ̀ ni, yóò sì pa ẹnu mọ́. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ohun tí ilé kan kò sọ ni ilé náà ti gbàgbé.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìwádìí bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà, kì í ṣe ní Aix-en-Provence. Kí a jẹ́ kí wọ́n ki oríkì ìdílé dé òpin, kí a sì ṣàkíyèsí ibi tí wọ́n bá ti fo nǹkan. Kí a béèrè ìlú tí ìyá ọmọ náà ti wá, ọjà tí ó ń ná, àti ọkọ tí ó fẹ́ lẹ́yìn òyìnbó náà. Láti ibẹ̀ ni a ó ti mọ ìlú àti ọdún tí a ó wá ajẹ́lẹ̀ tàbí oníṣòwò náà sí nínú ìwé.

Ilé odi tí Ollivier ti ṣe ọ̀gá kò sí mọ́. Ọdún 1908 ni wọ́n wó o. Ọmọ tí ó bí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìdílé d'Oliveira fi wà ní Wídà.