Ìdájọ́ Wo Ló De Adájọ́ Wa?

Bí wọ́n bá fẹ́ fi ogún du ọmọbìnrin wa, ká má tètè gbà. Ní 2014, kóòtù tó ga jù l'Ábújá dá ẹjọ́ Ukeje. Wọ́n ní àṣà Ìbò tó ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀ lòdì sófin ìlú. Ìdájọ́ yẹn de gbogbo kóòtù Nàìjíríà, títí dé Éríà Kóòtù wa. Ti Háí Kóòtù Kwara náà de Éríà Kóòtù. Ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì ńkọ́? Aládùúgbò wa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn nìyẹn jẹ́ fún adájọ́ Kwara: ó lè tẹ̀ lé e, ó lè fi sílẹ̀. Nítorí náà, ká máa bi lọ́yà wa pé: kóòtù wo ló ti dá irú ẹjọ́ yìí rí?