Ẹni Tó Ń Máàkì Ti Ka Ìwé Náà: Bí A Ṣe Ń Kọ Literature Gba Máàkì

Láti Àgọ́-Àmọ́dù, nílé wa ní Òkè-Ògùn, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àbúrò tó fẹ́ kọ WAEC ni mo ní lọ́kàn lónìí.

Ẹni tó bá fẹ́ ka ìmọ̀ òfin mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yunifásítì máa béèrè kírẹ́díìtì nínú Literature. Torí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ mú lọ: ẹni tó ń máàkì yín ti ka ìwé náà. Ẹ má jókòó máa pa ìtàn fún un. Ìbéèrè ni kí ẹ dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká mú The Lion and the Jewel tí Wọlé Ṣóyínká kọ, ọ̀kan lára ìwé tí WAEC yàn fún 2021 sí 2025. Kò ṣàjèjì sí ọmọ Òkè-Ògùn: Baálẹ̀ wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, owó orí wà níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Èèyàn lè gbàgbé ìbéèrè, kó máa ròyìn ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ká ní wọ́n béèrè pé: ṣé ọ̀tá ọ̀làjú ni Baróka? Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá ṣàpẹẹrẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ báyìí: “Baróka ni Baálẹ̀ Ilújinlẹ̀. Ẹni ọdún 62 ni. Ìyàwó rẹ̀ pọ̀. Lọ́jọ́ kan...” Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò tíì dáhùn nǹkan kan.

Èkejì kọ báyìí: “Kì í ṣe gbogbo ọ̀làjú ni Baróka ń bá jà, èyí tó lè gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó fi rìbá yí ojú irin kúrò ní ìlú rẹ̀, síbẹ̀ òun náà ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ sítáǹbù, tó sì fi tan Sídí pé àwòrán rẹ̀ ni yóò wà lórí rẹ̀.”

Ẹ rí i? Ìdáhùn ló ṣáájú, ẹ̀rí tẹ̀ lé e. Ohun tó kù ni àlàyé: kí ni ẹ̀rí yẹn fi hàn nípa Baróka? Bí ẹ ṣe máa to ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ìwé lè má kárí kíláàsì, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ sá lọ ka ìsọnísókí lórí fóònù. Àmọ́ ìsọnísókí lè sọ pé Baróka kórìíra ọ̀làjú, kó sì fo ẹ̀rọ sítáǹbù yẹn dànù. Irú ẹ̀rí kékeré bẹ́ẹ̀ ló ń ya ẹni tó kàwé sọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ pé ìwé kan lẹ ní, ẹ kà á sókè pa pọ̀. Eré ni, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín sí: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Kálukú mú ẹnì kan nínú eré, kó kọ ohun 5 tó ṣe sílẹ̀, àti ìdí tó fi ṣe é.

Ẹ ṣọ́ aago. Ìbéèrè 4 ni ẹ máa dáhùn nínú eré àti ewì, fún wákàtí 2 àti ààbọ̀. Tí ẹ bá yọ àsìkò tí ẹ fi máa ronú, nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi wákàtí kan ṣe ẹyọ kan tó dùn mọ́ yín.

Tí ọ̀rọ̀ inú ìwé kò bá dá yín lójú, ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín sọ ọ́. Ẹ má hun ọ̀rọ̀ fún Ṣóyínká.

Iṣẹ́ àmúrelé rèé: Lákúnlé ní ọ̀làjú ni kò jẹ́ kí òun san owó orí. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Sídí àti Baróka, kí ló tètè sọ nípa owó orí yẹn? Ṣé ọ̀làjú ni, àbí ahun? Ẹ fi ìdáhùn yín ránṣẹ́, ìpínrọ̀ kan péré. Ẹ ò ní kọ ọ́ lákọtúnkọ o. Ó dìgbà kan ná.