Lẹ́yìn Pátì Ilé-Ìwé, Oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Júláì. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ ìlú tẹ́ ẹ wà lórí WhatsApp.

  Pátì ti bẹ̀rẹ̀ láwọn ilé-ìwé kan ní Kétu àti Ìkòsí, tàwọn tó kù ń bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta sí i. Fọ́tò ti kún orí status: ọmọ wọ gáùn, ó dé fìlà onígun mẹ́rin, màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú gèlè. Ó dùn mọ́ wa. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ bá ṣe dáadáa, tó bá ní òun máa yọ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a jà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan bó ṣe rí, kí ẹ̀yin àgbà má sì bínú. Pátì ò ju wákàtí mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ọlidé tó tẹ̀ lé e máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láti ìparí Júláì títí wọ Sẹ̀tẹ́ńbà. Orí wákàtí mẹ́ta yẹn la máa ń kó owó lé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, Ọlọ́run la máa ń fi í lé lọ́wọ́.

Ẹ wo owó tó ń wọlé síbẹ̀: owó gáùn, owó fọ́tò, owó ráìsì àti kéèkì, aṣọ tí gbogbo kíláàsì máa wọ̀, bàtà tuntun tí ọmọ ò ní lè wọ̀ mọ́ tó bá máa fi di Kérésì. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka A, B, D gboyè. Tó bá pé ọmọ ọdún márùn-ún, ó tún gboyè. Ní ọdún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ Ímò fòfin de irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, torí pé ó ti di ẹrù sáwọn òbí lọ́rùn. Èmi ò ní ká dúró de òfin níbí. Ọmọ tó parí Primary 6 ti lo ọdún mẹ́fà lórí bẹ́ǹṣì, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ se ìrẹsì. Tàwọn JSS3 àti SS3 náà tọ́ bẹ́ẹ̀. Fún àwọn kékeré yẹn, bísíkíìtì àti bàlúù tó.

Àwọn ọmọ kan wà tí wọn kì í lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ pátì rárá. Wọ́n á ní orí ń fọ́ àwọn. Ìyá wọn ń ta ata ní Mile 12, owó pátì ò yọ. Ọmọ yẹn lè ti gba ipò kejì ní kíláàsì, ẹ ò ní rí i nínú fọ́tò. Àwa ọ̀dọ́ tí à ń gbé àdúgbò mọ̀ wọ́n, torí wọ́n máa ń gbé omi inú ọ̀rá lórí tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, tí wọ́n á máa sáré tẹ̀ lé dánfó.

Kí ọmọ ran ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ ní ìsọ̀ ò burú, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣe é. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni kíkiri láàárín mọ́tò, níbi tí BRT ti ń sáré lójú ọ̀nà tiẹ̀, táwọn ọmọ sì ń sá kọjá nísàlẹ̀ nígbà tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà lókè. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìpínlẹ̀ Èkó, láti ọdún 2007 ló ti wà, ó sì ní ká má fi ọmọ kiri ọjà. Ṣùgbọ́n ìyá tí kò rí ibi tó máa fi ọmọ sí láàárọ̀, òfin nìkan ò lè bá a tọ́jú ọmọ.

Ohun kejì ni omi. Ẹ̀yin ará Agboyi, Ajégúnlẹ̀ àti Òwódé Onírin mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú Ọ́gọ́ọ̀sì, a máa ń rò pé ewu ti kọjá. Odò Ògùn ò gba tiwa rò. Òjò tó rọ̀ lókè lọ́hùn-ún ló ń gbé wá. Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, wà lápá Abẹ́òkúta, tó bá sì kún wọ́n gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni omi yẹn ń gbà wọ inú ọ̀sà. Ìdí nìyẹn tí àgbàrá fi lè wọlé wa lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Ẹ rántí Ọ́kítóbà 2010, bí omi ṣe lé àwọn èèyàn kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀. Omi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nígbà tọ́mọ ṣì wà nílé tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe. Ó máa ń dà bí eré lójú ọmọdé. Kò mọ ibi tí gọ́tà wà lábẹ́ ẹ̀.

Kí la wá fẹ́ ṣe? Ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ ṣe lẹ́sìn ọ̀fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú Ọ́gọ́ọ̀sì, láti aago mẹ́sàn-án sí aago méjìlá, Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè. Àwa mọ́kànlá tá a wà ní yunifásítì la ti gbà láti kọ́ wọn. A ò ní tún iṣẹ́ ilé-ìwé ṣe. Ìwé kíkà ló ṣe pàtàkì jù, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, torí ọmọ Primary 5 wà láàárín wa tí kò lè ka ojú ìwé kan já. Ìṣirò náà máa wà, àti eré ìdárayá.

Yàrá ìkàwé wà nílẹ̀. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande di gómìnà ní 1979, ilé-ìwé ò tó, àwọn ọmọ ń lọ láàárọ̀, àwọn míì ń lọ lọ́sàn-án. Ó kọ́ yàrá ìkàwé káàkiri Èkó, ó sì fòpin sí ìyẹn. Àwọn kan pe àwọn ilé náà ní ilé adìẹ, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òbí wa ti kàwé. Lónìí yàrá pọ̀ tí wọ́n ń tì pa fún gbogbo Ọ́gọ́ọ̀sì. Tó bá jẹ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ la máa kọ lẹ́tà sí. Tó bá jẹ́ sẹ́kọ́ńdìrì, abẹ́ Education District II ní Maryland ló wà, àwọn tó ń bójú tó àwa, Ṣómólú àti Ìkòròdú. Lẹ́tà yẹn gbọ́dọ̀ lọ kí wọ́n tó vaketí. Tí hẹdimásítà bá ti lọ sí ìlú ẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Mo mọ̀ pé ìyá kan máa béèrè pé, ta ló máa wà lọ́dọ̀ ọmọ òun? Ìbéèrè tó dáa ni, màmá. Ọmọ kan ò ní dá wà pẹ̀lú tíṣà kan nínú yàrá. Àwọn méjì ló máa wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan nígbà gbogbo, a sì ń bẹ ẹgbẹ́ àwọn ìyá kí ẹnì kan wá jókòó tì wá lójoojúmọ́. A máa pe orúkọ nígbà tí wọ́n bá dé àti nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Ẹ tún kọ nọ́ńbà yìí sára ògiri ilé yín: 08000333333, ọ̀fẹ́ ni, ti àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbógun ti ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà ipá nínú ilé ni. Fún pàjáwìrì, 767 tàbí 112.

Fún ọjọ́ Fúráìdeè kan, a fẹ́ kó àwọn ọmọ wọ BRT láti Mile 12 lọ sí TBS, ká wá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Oníkan, sí ibùdó àṣà Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ John Randle pè. Dókítà Randle ló kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ ní 1928 kí àwọn ọmọ Èkó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, nígbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn ò dá wọn lóhùn. Àwa tí omi yí ká, ó yẹ kí ọmọ wa mọ ìtàn yẹn. Ilé-ìkàwé ìjọba àpapọ̀ náà wà ní Yaba, ojú ọ̀nà kan náà kọ́.

Nǹkan míì tí ọlidé dáa fún: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá, abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ọ̀fẹ́ ni. Láti Ọ́kítóbà 2023 ló ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un. Ẹ bi wọ́n léèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò yín. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà ń sọ ọmọ di àgàn, irọ́ ni, ẹ má fọ́wọ́dì í lórí WhatsApp.

Ẹ̀bẹ̀ wa ò pọ̀. Kí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí lẹ́tà náà lọ́sẹ̀ yìí, mo ti tẹ̀ ẹ́, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Kí òbí tó bá fẹ́ ṣe pátì yọ ìdajì owó yẹn sílẹ̀ fún ọlidé ọmọ ẹ̀, tí kò bá tiẹ̀ fún wa ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ní London, Houston àti ibi gbogbo, ẹ jọ̀ọ́, a ò fẹ́ T-shirt. Ìwé ìtàn la fẹ́, owó mọ́tò ọjọ́ Oníkan, àti bíbọ́ àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ẹ̀wà àti búrẹ́dì ti tó. Orúkọ àwọn ọmọ la máa kọ́kọ́ gbà, láti Sátidé tó ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, a ò sì ní béèrè bóyá wọ́n san owó pátì.