Ẹ̀rọ Tí Ó So Ìwé Pọ̀, Àti Àwa Tí Ń Kọ Ìwé Náà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ ní Dọ̀pẹ̀mú)



Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn òyìnbó ń pè ní ERP. Kí orúkọ náà má ṣe bà yín lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan tí ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní ẹ̀bá òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta níbí. Ọmọ rẹ̀ kan ń tajà ní ìsọ̀, èkejì ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí, akọ̀wé rẹ̀ sì ń kọ owó. Ìwé mẹ́ta ni, wọn kì í sì í bá ara wọn mu ní òpin oṣù. Nínú ètò tí mo ń wí, ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń kọ sí. Bí a bá ti ta àpò sìmẹ́ńtì kan ní ìsọ̀, ilé ìkẹ́rùsí mọ̀, ìwé owó sì mọ̀ lójú kan náà. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n àṣìṣe pẹ̀lú kì yóò dúró sí ibi tí a ti ṣe é mọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2007 ni Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí fún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì pè é ní IPPIS. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: àwọn tí kò sí ń gba owó. N kò ní fi èrè rẹ̀ pamọ́ fún yín. Ní oṣù kejì ọdún 2016, nígbà tí a fi ìwé owó oṣù wé nọ́ńbà BVN ti báǹkì, ìjọba kéde pé a ti yọ orúkọ bí 24,000 kúrò, owó tí ó sì kù sápò lóṣooṣù lé ní bílíọ̀nù 2 náírà.

Wàhálà dé nígbà tí a gbé ẹ̀wù yìí wọ yunifásítì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìntì ní ẹni 60 ọdún, tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n lè dé 70. Olùkọ́ kan lè gba àyè ọdún kan láti lọ kọ́ni ní yunifásítì mìíràn. Òmíràn ń kọ́ni ní ibi méjì. ASUU ní ètò náà kò mọ irú àṣà bẹ́ẹ̀. Ó wà lára ohun tí ó fa ìyanṣẹ́lódì láti oṣù kẹta sí oṣù kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ṣe ètò tiwọn, UTAS. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ni ìgbìmọ̀ ìjọba gbà pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga jáde kúrò nínú IPPIS. N kò sọ pé ìjọba nìkan ni ó jẹ̀bi, nítorí a rí nínú àwa olùkọ́ tí kò fẹ́ kí a ka òun rárá. Ṣùgbọ́n ta ni í rán aṣọ tán kí ó tó wọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ìwà aláwọ̀ dúdú ni. Ìgbìmọ̀ ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí lo ètò Oracle ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Wọ́n yí i padà kí ó lè bá àṣà wọn àtijọ́ mu, pàápàá níbi tí a ti ń fi ìwé báǹkì wé ìwé ilé, ìṣirò wọn sì dàrú. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ojú bí mílíọ̀nù 19 pọ́n-ùn wò ní ìbẹ̀rẹ̀ kọjá mílíọ̀nù 80.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó kan Ẹgbẹ́ wa gan-an. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, a gbé irú ẹ̀rọ yìí wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ń pè ní Ogunsola, tí ìwé báǹkì rẹ̀ sì ń pè ní Ogunshola. Gbogbo wa mọ̀ pé Ògúnṣọlá kan náà ni; ẹ̀rọ rí ènìyàn méjì, kò sì sanwó fún ọ̀kankan fún oṣù mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ ń tọ́mọ lọ́wọ́ nígbà náà. Akọ̀wé tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí àṣìṣe náà kò ní àṣẹ láti tún un ṣe. Àbújá ni àṣẹ wà. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà kan, èyí tí a ń bá àwọn ọmọ jà lé lórí ní kíláàsì, ni ìbá ti gbà wá.

Nítorí náà, mo yẹ ìwé orúkọ Ẹgbẹ́ wa wò lánàá, kí n tó wá. Mo rí ènìyàn mẹ́rin tí a kọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo bẹ Akọ̀wé wa kí ó gbé e wá ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí a tó gba ọmọ tí ó ní òun yóò tà wá ní kọ̀ǹpútà láàyè.