Àwọn Tí A Kò Mú Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ yìí jẹ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń mú wọ inú iṣẹ́ ìwádìí kí wọ́n tó gba oyè àkọ́kọ́, àti bí a ti í mọ̀ bóyá ìwádìí náà ṣe wọ́n ní àǹfààní ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dé Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan tí èmi fúnra mi ṣe.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan, wọ́n sì fi kíláàsì tí yóò ṣe ìdánwò àṣejáde lé mi lọ́wọ́. Ọmọ 43 ni wọ́n. Mo pinnu láti máa kọ́ díẹ̀ nínú wọn ní ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́, nítorí àtùpà kan ṣoṣo ni mo ní, tábìlì mi kò sì gbà ju ọmọ 12 lọ. Mo mú ọmọ 12. Nígbà tí èsì ìdánwò dé, gbogbo àwọn 12 náà ló yege. Ọ̀gá ilé-ìwé yìn mí níwájú àwọn òbí, èmi náà sì ń rìn kiri bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìsípẹ́kítọ̀ kan bẹ̀ wá wò, àgbàlagbà tí ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì. Mo ròyìn iṣẹ́ mi fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “O ṣeun, Tíṣà. Báwo ni o ti yan àwọn ọmọ 12 náà?”

Mo ní, “Àwọn tí ó já fáfá jù lọ ni mo mú, sà.”

Ó ní, “Àwọn tí o kò mú ńkọ́? Mélòó nínú wọn ló yege?”

N kò mọ̀. Ìwé èsì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára orúkọ àwọn ọmọ 12 mi rí. Àwa méjèèjì jókòó, a kà á. Nínú àwọn 31 tí n kò mú, 26 ló yege láìsí àtùpà mi. Bàbá náà ní, “Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ rẹ ti ṣe àwọn 12 wọ̀nyí lóore. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n yege bí o bá tilẹ̀ ń sùn nírọ̀lẹ́. Ìwọ kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀.” Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ìbéèrè bàbá yìí ni mo gbé dání nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé nípa ètò ìwádìí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. Ètò náà ti pẹ́. Ní ọdún 1969, obìnrin kan tí ń jẹ́ Margaret MacVicar dá irú rẹ̀ kan sílẹ̀ ní M.I.T., ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí ọmọ tí kò tíì gba oyè kankan lè bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ìwádìí. Ní ọdún 1987, National Science Foundation, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń náwó sórí sáyẹ́ǹsì, dá tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní REU. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wà lára àwọn ẹ̀ka tí ó kàn. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí: ní ìgbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, nǹkan bí ọmọ 10 á kóra jọ sí yunifásítì kan, púpọ̀ nínú wọn á sì ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wá. Wọ́n á lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10 lábẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n sì ń sanwó fún wọn. Ìwé ìlànà ọdún 2023 sọ pé kí owó ọmọ kan tó nǹkan bí 700 dọ́là lọ́sẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lè bi mí pé kí ni ìyàtọ̀ ìwádìí sí iṣẹ́ àṣetiléwá. Iṣẹ́ tí olùkọ́ fún yín, olùkọ́ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí ó tó kọ ọ́ sára pátákó. Nínú ìwádìí, ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá kò mọ ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ láti inú èdè wa. Bí ẹnìkan bá kọ i-g-b-a sínú kọ̀ǹpútà láìfi àmì ohùn sí i, báwo ni ẹ̀rọ náà yóò ti mọ̀ bóyá igbá tí a fi ń bu omi ni, tàbí igba tí í ṣe 200, tàbí ìgbà òjò, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Bí a ó ti kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa fi àmì náà sí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwádìí gidi tí àwọn onímọ̀ ti ṣe, tí iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá bọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ. Yóò kọ ètò tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé. Ètò náà yóò kùnà, yóò ka iye àṣìṣe rẹ̀, yóò tún un ṣe, yóò tún kùnà. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹwàá, yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó kan, yóò sì ṣàlàyé fún àwọn àgbà ohun tí ó rí àti èyí tí kò rí.

Owó ńlá ni èyí ń jẹ, ẹni tó lówó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí owó rẹ̀ ṣe. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni pé kí a bi àwọn ọmọ náà. Ní ọdún 2004, David Lopatto, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Grinnell, gbé èsì irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jáde. Kì í ṣe àwọn ọlọ́kọ̀ǹpútà nìkan ni ó bi, onírúurú ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ 1,135 láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga 41 ló dáhùn. Ó ka àǹfààní 20 sílẹ̀ kí olúkúlùkù sọ bí òun ti jèrè tó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú àwọn ọmọ dùn, wọ́n ní àwọn jèrè. Ó lé ní 83 nínú 100 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbèrò, tàbí tí wọ́n ṣì ń gbèrò, láti kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì síwájú sí i lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: “bẹ̀rẹ̀ sí gbèrò, tàbí ṣì ń gbèrò.” Ọ̀nà méjì ni wọ́n so pọ̀ mọ́ ara wọn níbẹ̀. Ọmọ tí kò ní i lọ́kàn tẹ́lẹ̀ tí ìwádìí wá là lójú, ọ̀kan nìyẹn. Ọmọ tí ó ti pinnu láti ilé bàbá rẹ̀ pé òun yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n, òmíràn nìyẹn. Bí èrò kan bá ti ń lọ sí Ìbàdàn kí ọkọ̀ wa tó gbé e, ẹ jẹ́ kí a gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má sọ pé àwa ni a mú un pinnu láti lọ sí Ìbàdàn.

Àwọn 51 kan tún wà nínú ìwé náà tí n kò lè gbàgbé. Wọ́n ti ní èrò ẹ̀kọ́ síwájú sí i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìwádìí, wọ́n pa èrò náà tì. Àwọn wọ̀nyí sọ pé èrè àwọn kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ká ní èmi ni mo ń ṣe àyẹ̀wò, àwọn 51 yìí ni mo fẹ́ bá jókòó jù lọ. Ṣé ọ̀gá tí ó yẹ kí ó tọ́ wọn sọ́nà kò ráyè wọn ni? Ṣé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ṣe ni wọ́n kó fún wọn, tí wọ́n ń to nọ́ńbà sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́? Tàbí wọ́n kàn rí i pé ìwédìí kì í ṣe iṣẹ́ àwọn, tí wọ́n sì tètè mọ̀? Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí, èmi kò ní í kà á sí àdánù. Ọ̀sẹ̀ 10 kò tó nǹkan lára ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ọmọ náà ìbá lò kí ó tó mọ̀.

Ní ọdún 2015, Marcia Linn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwádìí 60 wò, gbogbo wọn lórí irú ètò yìí. Wọ́n rí i pé ó ju ìdajì wọn lọ tí ó gbára lé ohun tí àwọn ọmọ sọ nípa ara wọn, bóyá nínú ìwé ìbéèrè tàbí nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n sọ ọ́ láìfepobọyọ̀ pé ẹ̀rí náà kò lágbára. Kò túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ ń parọ́. Ọmọ tí wọ́n gbà lálejò fún ọ̀sẹ̀ 10, tí wọ́n sanwó fún, tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún, kí ni ẹ fẹ́ kí ó sọ lọ́jọ́ tí ó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ẹ ṣeun?

Àwọn kan wá ní kí a máa bi ọmọ léèrè nígbà tí ó dé àti nígbà tí ó ń lọ. Ní yunifásítì North Carolina tí ó wà ní Charlotte, wọ́n ṣètò irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fún àwọn REU ti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kí gbogbo ibùdó lè máa béèrè ohun kan náà, kí a má baà máa fi ọsàn wé àgbàdo. Iṣẹ́ gidi ni. Síbẹ̀ ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ bi ọmọ tí ó ń gbọ́ dùndún láti òkèèrè bóyá ó mọ ìlù lù. Yóò ní òun mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ẹ fi í sọ́dọ̀ àyàn fún ọ̀sẹ̀ 10, kí ẹ tún bi í. Nísinsìnyí tí ó ti mọ ohun tí ìlù jẹ́, yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n rárá. Lórí ìwé, ó dà bí ẹni pé ó rẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ó ti tẹ̀síwájú.

Èyí tí ó sún mọ́ ìbéèrè ìsípẹ́kítọ̀ mi jù lọ ni mo rí ní yunifásítì Michigan. Ní ọdún 1998, àwọn olùwádìí ibẹ̀ gbé ìwé kan jáde tí ó fi àwọn ọmọ tí ó wọ inú ètò ìwádìí wé àwọn tí kò wọ̀ ọ́, láti mọ àwọn tí yóò fi yunifásítì sílẹ̀ láìgboyè. Èrè tí ó hàn jù kò sí lára àwọn ọmọ tí iná wọn ti ń jó dáadáa. Ara àwọn tí ó wà nínú ewu àtifi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ni ó wà, pàápàá àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí máàkì wọn kò ga. Ẹ wò ó, àwọn ọmọ tí èmi kò mú sídìí àtùpà mi gan-an nìyẹn!

Ní ti kọ̀ǹpútà, Computing Research Association, ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀ka tí ń ṣe ìwádìí kọ̀ǹpútà ní Àríwá Amẹ́ríkà, dá ètò kan sílẹ̀ ní ọdún 1994 tí ó fi àwọn ọmọbìnrin sọ́dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà ìsinmi, nítorí obìnrin kò pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ yìí kan náà wá dá ibùdó àyẹ̀wò kan sílẹ̀, CERP, tí ó ń fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀ka kọ̀ǹpútà káàkiri, kí ẹni tí ó ṣe ìwádìí dáhùn, kí ẹni tí kò ṣe é náà dáhùn. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì pé. Ẹni tí ó kọ̀wé béèrè fún ìwádìí àti ẹni tí kò béèrè, ọkàn wọn lè má dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n tí ó péye jù ni kí a mú àwọn tí gbogbo wọn béèrè, tí agbára wọn sún mọ́ra, kí a ṣẹ́ gègé láàárín wọn.

Mo gbìyànjú rẹ̀ wò. Ní ọdún kejì, mo kọ orúkọ ọmọ 24 tí wọ́n wà ní àárín kíláàsì, mo kó wọn sínú igbá, mo sì fa 12 jáde. Ní ọjọ́ kejì, ìyá ọmọ kan tí gègé kò mú wá bá mi nílé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ mi ni ẹ fi ta tẹ́tẹ́?” Mo ṣàlàyé títí, n kò rí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí ó yá, mo ní kí ọmọ náà máa wá ní òwúrọ̀ Sátidé.

Nígbà tí èsì dé, 11 ló yege nínú àwọn 12 tí gègé mú. Nínú àwọn 12 yòókù, 8 ló yege. Ọmọ Sátidé wà lára àwọn 8 yìí. Inú mi dùn sí i gidigidi, ṣùgbọ́n ó ba ìwọ̀n mi jẹ́, nítorí n kò mọ ibi tí ǹ bá kà á sí.