Ìwé Ọ̀fẹ́ àti Owó Ẹ̀kọ́ Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní Arakale, Àkúrẹ́



Bí a bá ń yẹ ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ wò, a máa ń wo owó ẹ̀kọ́ dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, bí wọ́n ti yọ ọ́ sílẹ̀ ló ṣe wà níbẹ̀; bí wọ́n bá sì ná an, oúnjẹ ìpàdé ọdọọdún ló bá lọ. Inú wa kì í dùn sí i. Àwọn 28 tó dá ẹgbẹ́ Rochdale sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844, òṣìṣẹ́ lásán ni wọ́n, ahunṣọ sì wà nínú wọn. Síbẹ̀, nígbà tó yá, wọ́n ṣí yàrá ìkàwé sókè ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n sì ń yọ méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún èrè fún ẹ̀kọ́. G. J. Holyoake kọ ìtàn wọn, ọ̀fẹ́ sì ni ìwé náà lónìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Níbo ni ẹ ti lè rí irú rẹ̀? Ní Project Gutenberg, tí Michael Hart bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1971, ìwé ibẹ̀ ju 70,000 lọ. Èkejì ni Internet Archive, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Níbẹ̀ ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ wà. Ẹ gbọ́ o: àlùfáà yìí parí ìwé náà ní 1897, ó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé ní ìlú òyìnbó, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù tún un tò, ó sì jáde ní 1921. Ẹ̀yin ará Oǹdó, ọ̀rọ̀ ìlú yín wà nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ rán nílé ìwé lè túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ẹnìkan á ní, Fágúnwà wa ńkọ́, ọmọ Òkè-Igbó? Tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Òfin ilẹ̀ wa ti 2022 ní kí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú. Fágúnwà kú ní 1963, nítorí náà ó di ìgbà tí 2033 bá parí. Ẹni tó bá ń pín in káàkiri lórí WhatsApp, ohun olóhun ló fi ń ṣe ọ̀làwọ́. Ẹ lọ rà á.

Ibi méjèèjì tí a dárúkọ kì í béèrè nọ́ńbà káàdì báńkì kí ẹ tó ka irú ìwé àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá béèrè rẹ̀ fún ìwé ọ̀fẹ́, ẹ sá.

Ti dátà kò le. Ìwé Gutenberg tí kò ní àwòrán kì í wúwo. Èyí tí wọ́n ya fọ́tò ojú ewé rẹ̀ ló ń jẹ dátà. Kí akọ̀wé gbà á sórí fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó pín in fún àwọn tó kù, kí ẹnìkan sì máa kà díẹ̀ sókè kí àdájọ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbé e lọ sí ìpàdé yín: kí owó ẹ̀kọ́ ọdún yìí ra dátà fún akọ̀wé, kí ó sì ra ìwé Fágúnwà méjì sínú àpótí ẹgbẹ́. Bí a bá dé fún àyẹ̀wò, a ó béèrè rìsíìtì.